Kámẹ́rà tí Mo Rà fún Fótò Ìbejì

Kámẹ́rà méjì ni Alàájì tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ gbé kalẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì ìsọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà Stéṣọ̀n ní Òṣogbo. Ọ̀kan péré ni owó ọwọ́ mi lè rà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti parí ìkọ́ṣẹ́ fótò, ọ̀gá mi ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún mi, mo sì ti gba yàrá kékeré kan ní Alẹ̀kúwodò tí mo kọ "Fótò" sí lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ní kámẹ́rà tèmi. Ti akẹgbẹ́ mi kan, ọkùnrin tí a jọ kọ́ṣẹ́, ni mo máa ń yá. Ọjọ́ tí òun náà bá lọ sí òde, èmi a jókòó sílé.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ dúdú, ó fúyẹ́, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe é. Mọ́tò kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń wáíǹdì fíìmù fúnra rẹ̀. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, a ó gbọ́ ìró rẹ̀, fíìmù ti bọ́ sí ojú mìíràn. Lẹ́ǹsì orí rẹ̀ ṣeé fà gùn, ó sì ṣeé tì kúrú, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè dúró lójú kan ya ìyàwó nìkan, kó má kúrò níbẹ̀ kó tún ya gbogbo ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun nídìí fótò nígbà náà, irú kámẹ́rà yẹn ló ń wá.

Èkejì jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti hó ní àwọn igun, idẹ abẹ́ rẹ̀ sì ti yọ síta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wáíǹdì fíìmù rẹ̀. Bọ́dì lásán ni, kò ní lẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ra lẹ́ǹsì lọ́tọ̀, bó bá sì fi ra lẹ́ǹsì tán, owó rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti tuntun yẹn.

"Mádàámù, kí lẹ tún ń wò?" Alàájì bi mí. "Ẹ gbé èyí tó ń dáṣẹ́ ṣe. Ti irin yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti fẹ̀yìn tì."

Mo tún wo méjèèjì. Kì í ṣe pé n kò mọ èyí tó dára fún iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Iléṣà ni mo ń rò.

Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ìsọ̀nà ní Iléṣà ni ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ìbejì ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí. Obìnrin ló kọ́kọ́ dé, ọkùnrin tẹ̀lé e. Orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ ìbejì ni wọ́n ń jẹ́, kò sí ìdí tí n ó fi kọ ọ́ síbí. Bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ wa, ọmọkùnrin tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ṣíwájú ni àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fá orí fún àwọn méjèèjì, àwọn ará ilé pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè.

A ti fẹnu kò pé ọdún Àjíǹde ni n ó ya fótò wọn. Wọ́n ti lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà, wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó funfun wẹ́wẹ́, télọ̀ ti fi rán gáàùn fún obìnrin, ó fi rán ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé fún ọkùnrin. Inú àpótí ni aṣọ wà, wọn kò tíì wọ̀ ọ́ rí, nígbà tí èèyi wọ àdúgbò wọn nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mú àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Obìnrin padà wá sílé.

A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ sọ́jà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá ṣe wí fún ọmọ tó kù: "Èkejì rẹ lọ sọ́jà." Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ọ̀nà ọjà ló máa ń kọjú sí tó bá jókòó sórí àga gbọọrọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́.

Ní ilé wọn, wọn kì í gbẹ́ ère ìbejì. Ìjọ wọn kò fara mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán ọmọ yẹn kankan níbì kan láyé, ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbádùn nìyẹn. Ó mọ̀, bí gbogbo wa ti mọ̀, pé àwọn oníṣẹ́ fótò àtijọ́ ní agbègbè wa máa ń ya èyí tó bá kù nínú ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún èkejì rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí méjèèjì jókòó pọ̀ sínú fótò kan. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a pààrọ̀ aṣọ fún un. Nígbà tí mo lọ kí i, ó mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"O mọ̀ ọ́n yà, àbí o ò mọ̀ ọ́n yà?"

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yà á, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí wọ́n jókòó pọ̀ o. Kì í ṣe èyí tí wọ́n gé tí wọ́n lẹ̀. Mo rí ti ìyá kan ní Òkèṣà, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ dà bí àpá iṣẹ́ abẹ. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fún mi láyè kí n fi ra kámẹ́rà."

"Àyè wo? Wo ojú ọmọ yìí dáadáa. Ó ti ń gùn, ó ti ń di ojú tirẹ̀ nìkan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín, ibo ni mo ti fẹ́ rí ojú èkejì?"

 Òótọ́ ni ó sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ náà sí ní kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ọmọ náà nìkan kí a tó ya àwọn méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn kò yí ohùn padà. Bí fótò ìbejì kò bá jáde, ọmọ yẹn kò ní wọ ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fótò tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun. Nínú yàrá yẹn ni ó ti máa ń tẹ ìbejì pọ̀ sórí pépà kan láyé fótò aláwọ̀ funfun àti dúdú. Mo bi í bóyá àwọn tó ń fọ fótò aláwọ̀ mèremère ní Òkè-Fìà lè ṣe é.

"Lọ bi wọ́n," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo lọ bi wọ́n. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wò mí. "Àǹtí Fótò, ohun tó bá wà lójú fíìmù ni ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀. Ẹ kó wọn jọ látilé kí ẹ tó kó wọn wá."

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Inú kámẹ́rà ni wàá ti ṣe é. Lórí ojú fíìmù kan náà. Wàá fi páálí dúdú bo ìdajì lẹ́ǹsì, wàá ya ọmọ lápá kan. Wàá bo ìdajì kejì, wàá yà á lápá kejì. Ṣùgbọ́n fíìmù ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan láàárín méjèèjì. Nítorí náà, kámẹ́rà tó ṣeé dì mú ni kó o rà. Bọ́tìnì kékeré kan máa ń wà ní ìdí àwọn ti àtijọ́. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, di kókó tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà mú gírígírí, kó o wá wáíǹdì rẹ̀. Inú ẹ̀ á dìde láti tún yà, fíìmù ò ní mira."

Mo dúpẹ́, mo dìde. Ó tún pè mí padà.

"Lẹ́ǹsì ńkọ́? Má ra èyí tí ìdajì rẹ̀ bá ń ṣàìsàn o."

Ohun tó gbé mi dé iwájú Alàájì nìyẹn, tí mo fi ń wo kámẹ́rà méjì bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá. Owó tó wà lọ́wọ́ mi, àjọ tí mo ti ń dá látìgbà tí mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù ni, mo sì mọ̀ pé yóò pẹ́ kí n tó tún rí irú rẹ̀ kó jọ.

Mo kọ́kọ́ gbé èyí tuntun. Mo bẹ Alàájì kó fún mi ní fíìmù tó ti bàjẹ́ kan kí n fi dán an wò. Mo fi sí i, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Fíìmù sáré lọ síwájú lójú mi. Mo yí gbogbo ara rẹ̀ wò, mo wo ìdí rẹ̀, kò sí bọ́tìnì kankan tó lè dá a dúró.

"Ṣé kò ṣeé dá dúró?"

"Dá kí ni dúró?" Alàájì la ojú. "Torí pé kì í dúró gan-an ni wọ́n ṣe ń rà á, Mádàámù."

Mo gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ mi kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀, kí n má purọ́. Mo ń rò ó pé kí n rà á, kí n fi ṣiṣẹ́, kí n sì yá ti irin lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nígbà tó bá di ti ìbejì. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti ta irin wọn. Èyí tó wà níwájú mi yìí nìkan ni mo mọ̀ ní Òṣogbo lásìkò yẹn.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú títì, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní eré kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó lọ́ra jù, mo kọ etí sí i. Ìró rẹ̀ lọ geere, kò kọsẹ̀. Mo fi fíìmù tó bàjẹ́ náà sí i, mo tẹ bọ́tìnì ìdí rẹ̀, mo di kókó mú, mo wáíǹdì. Fíìmù kò mira. Fóòmù tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ká ti yọ́ bí gọ́ọ̀mù, oòrùn yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n aṣọ wúlí dúdú tín-ínrín yóò dí i. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti kú. N kò ka ìyẹn sí. Ọ̀gá mi ti kọ́ wa láti fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀.

Ó wá ku lẹ́ǹsì. Méjì ló bá bọ́dì náà mu nínú àpótí Alàájì. Ọ̀kan fẹ̀ lẹ́nu, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé gan-an. Irú rẹ̀ ló dára nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn. Ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀, ó ti bu: okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn.

"Ẹ̀gbẹ́ ló wà, kò dé àárín," Alàájì wí. "Ṣé ẹ̀gbẹ́ lẹ fi ń ya fótò ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ fi yà á, Alàájì."

Ó wo ẹni tó ń ta rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Fún fótò lásán, èbu ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ní hàn. Bí a bá bo ìdajì tó mọ́, tí ó ku ìdajì tó bu nìkan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn yóò dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ èyí tó lọ. Èkejì nínú lẹ́ǹsì náà kéré lẹ́nu, òrùka rẹ̀ le láti yí, kò sì ní wúlò púpọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Òun ni mo mú.

Akẹgbẹ́ mi tó máa ń yá mi ní kámẹ́rà wá wò ó nílé mi. Ó gbé e lọ́wọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an.

"Ìwọ! Gbogbo ayé ń sáré, ìwọ lọ ra ọmọ owú. Ṣé ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ lo fẹ́ ṣí ni?"

"Ó máa ya fótò."

"Ó máa yà á. Ìyàwó á ti lóyún kó tó yà á tán."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo gé fóòmù tó yọ́ náà kúrò, mo lẹ wúlí dúdú sí ipò rẹ̀.

N kò fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dán kámẹ́rà náà wò. Kẹ́tùlù ni mo fi dán an wò. Mo gbé e sí apá kan lórí àga, mo yà á, mo gbé e sí apá kejì, mo tún yà á sójú fíìmù kan náà, mo sì ń yí ẹnu lẹ́ǹsì padà láti ojú dé ojú. Nígbà tí mo lọ gba fótò ní Òkè-Fìà, ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ náà ti tò wọ́n sílẹ̀ ń wò wọ́n.

"Àǹtí Fótò, ẹ kú oríire o. Kẹ́tùlù yín bí ìbejì."

Lára kẹ́tùlù yẹn ni mo ti rí i pé bí ẹnu lẹ́ǹsì bá kéré jù, ìlà gígún bí ẹni fi rúlà fà á máa ń là láàárín. Bó bá fẹ̀ dé ìwọ̀n kan, apá kan yóò yọ́ wọ inú èkejì, tí ojú kò ní rí ààlà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ lára òrùka lẹ́ǹsì. Mo yá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọ̀gá mi, mo wọ mọ́tò Iléṣà.

Àga gbọọrọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ náà máa ń jókòó sí ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí a lò. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo fi òkúta ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà mira, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín àga. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀ fún ọmọ, ó ti wọ gáàùn búlúù fún un. Ó gbé e jókòó sápá ọ̀tún, kò bi mí.

Ọmọ náà wo àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ta ló máa jókòó síbí?"

"Èkejì rẹ," ìyá rẹ̀ wí.

"Ó ti ti ọjà dé?"

Ẹ̀gbọ́n mi tún ọrùn gáàùn rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ó ti dára tẹ́lẹ̀. "Ó ń bọ̀. Jókòó jẹ́ẹ́, wo àǹtí rẹ."

Mo bo ìdajì lẹ́ǹsì. Nígbà tí a bá ti bò ó báyìí, tí a bá yọjú wo inú kámẹ́rà, apá kan yóò ṣókùnkùn pátá; ọmọ nìkan ni mo ń rí, n kò rí àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó dáadáa, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ bọ́tìnì ìdí kámẹ́rà, mo di kókó mú, mo wáíǹdì. Ó dìde, fíìmù kò mira. Mo mọ̀ ọ́n lára lórí ìka mi.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọmọ wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ. Èmi dúró ti kámẹ́rà, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó parí. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Ojú ìlà tí wọ́n ti ká a sínú àpótí ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú mi. Ó gbé ọmọ sápá òsì, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láti de bọ́tìnì ọrùn. Ó dè é títí.

Ibẹ̀ ni Màmá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó dúró, ó wo ọmọ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, n kò mọ ohun tó rò. Lẹ́yìn náà ló wo ìlà ṣọ́ọ̀kì.

"Ìyàwó mi, ta lẹ kọ́kọ́ gbé sọ́wọ́ ọ̀tún?"

"Obìnrin ni, Màmá."

"Àbúrò! Ẹ gbé àbúrò sọ́tùn-ún, ẹ fi ẹ̀gbọ́n sósì?" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí, kámẹ́rà Òyìnbó yín ò wí fún yín pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni àgbà?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n ó tún un yà bí ẹ ṣe wí."

Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó láti máa ṣọ́ wa. Mo bo ìdajì kejì, mo yọjú. Mo pe ọmọ náà, kò wò mí. Ibi tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ ló ń wò. N kò pè é mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀ lójú fíìmù mìíràn, ẹ̀gbọ́n lọ́tùn-ún, àbúrò lósì, bí Màmá ti là á sílẹ̀. A yà á tán pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì, a bọ́ ọ, a tún wọ gáàùn. Ó ti rẹ ọmọ náà, ó ti ń ṣu ẹnu jọ. Kùrukùru sì bo oòrùn lójú kí a tó ṣe apá kejì. Mo mọ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba.

Ní Òkè-Fìà, ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi àpòòwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ojú títì ni mo ti ṣí i.

Èyí tí Màmá tò rí bí mo ṣe rò. Ọmọkùnrin wà lójú ọ̀sán, ọmọbìnrin wà lójú ìrọ̀lẹ́, òjìji dúdú kan sì dúró láàárín wọn bí ògiri. Nínú èyí àkọ́kọ́, kò sí ààlà tí ojú mi lè rí. Ọmọ méjì ni wọ́n, lórí àga kan, nínú aṣọ kan náà. Ọkùnrin yí ojú sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kọjú sí wa, ó sì na ọwọ́ òsì sórí àga, síhà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gba àyè sílẹ̀ fún un ni, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Inú òkùnkùn páálí ni ọwọ́ yẹn bọ́ sí, òun ni n kò fi rí i. Ìka rẹ̀ kò hàn nínú fótò. Ọwọ́ náà lọ títí kan itan ọmọkùnrin, ibẹ̀ ló sì parí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ti gbà á mú.

Mo gbé méjèèjì lọ sí Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ wọn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí òjìji là láàárín, ó wò ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó fún Màmá. Èkejì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí tí mo fẹ́ nìyí."

"Ìyẹn ò tọ́," Màmá wí. "Àbúrò ló wà lọ́tùn-ún níbẹ̀. Àwọn tó bá wọlé á rò pé a ò mọ̀ ọ́n tò ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." N kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. "Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó gan-an nìyí. Ẹnu ọ̀nà wà lápá òsì, kì í fẹ́ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ wo ọwọ́ yìí."

Màmá gbà á, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún sún un mọ́ra. 

"Ó dì í mú," ó wí. Ó dá fótò padà fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sì tún dárúkọ ọ̀tún àti òsì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ. Ọmọ náà fi ìka kan gáàùn. "Èmi nìyí." Ó fi ìka kan ṣẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀, ó sì dárúkọ èkejì rẹ̀. Kò ṣiyèméjì. Ó gba fótò náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà, ó wá na ọwọ́ kejì sí mi.

"Tirẹ̀ dà?"

Kò sí ohun tí wọ́n ṣe fún wọn rí tí kì í ṣe méjì. Bí búrẹ́dì bá wọlé, méjì ni. Bí bàtà bá wọlé, méjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

"Ó wà ní Òṣogbo," mo wí fún ọmọ náà. "N ó lọ gbé e wá."

Mo wọ mọ́tò padà lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n tẹ òmíràn bíi rẹ̀, mo sì gbé e padà wá. Ẹ̀dà ti obìnrin ni wọ́n fi kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹ̀dà ti ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wé, ó sì kó wọn sínú àpótí. Nígbà tó ti àpótí náà tán, ó ní, "Ya pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ báyìí. Ilé ìwé ti fẹ́ wọlé."

Mo pe ọmọ sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lọ jókòó sápá ọ̀tún, ibi tó máa ń jókòó sí, ó sì fi àyè sílẹ̀ lápá òsì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi wà ní ọ̀kánkán àárín. Ká ní kámẹ́rà tuntun yẹn ni mo rà, ǹ bá dúró síbẹ̀ kí n fa lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu láti sọ fún un pé kó sún sí àárín. Mo juwọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà irin náà, mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sún mọ́ ọmọ náà títí ojú rẹ̀ fi kún inú kámẹ́rà.